Bí Ẹgbẹ́ Aláàánú Ṣe Ń Dúró Ti Ọmọ Lẹ́yìn Àjálù Ńlá

Bí bàbá tàbí ìyá bá kú ní ilé kan ládùúgbò, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kì í gbèrò níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò á máa gbé oúnjẹ wá, àwọn ẹbí á máa gba ọmọ pọ̀n. Tó bá di ọjọ́ kẹjọ, wọ́n á ṣe fídáù, àwọn tó ni àga á wá kó àga wọn. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó di ẹnìkọ̀ọ̀kan tó ń yà wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ owó ilé-ìwé sáà tuntun kò tíì dé, aṣọ ilé-ìwé kò tíì kéré mọ́ ọmọ lára, ọmọ náà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn ìbéèrè tó le. Bọ́rọ̀ ìlú tí àjálù ńlá kọlù ṣe rí nìyẹn. Oṣù àkọ́kọ́ ni owó àti ènìyàn máa ń ya wọ ibẹ̀. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìyà ọmọ ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọdún yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín. Ta ló ń dúró ti ọmọ? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Níbo ni owó rẹ̀ ti ń wá? Ẹgbẹ́ aláàánú ni mo máa pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìyẹn àwọn ènìyàn tó kó ara wọn jọ, tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí wọ́n ń gba ọrẹ lọ́wọ́ aráàlú láti fi ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọn kì í ṣe ìjọba, wọn kò sì wá èrè. Orílẹ̀-èdè Jàpáánì ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àjálù ńlá méjì tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ti pẹ́ tó báyìí tí a fi lè rí bí àwọn ọmọ náà ṣe dàgbà.

Èkíní ṣẹlẹ̀ ní Kobe, ìlú ńlá kan tó ní èbúté, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1995. Ìdájí ni ilẹ̀ mì tìtì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lórí ibùsùn. Ilé wó lù wọ́n, iná sọ láàárín ìlú, ó sì lé ní 6,400 ènìyàn tó kú.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà tí wọ́n ń pè ní Tohoku. Abẹ́ òkun ni ilẹ̀ ti mì lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ti omi òkun wá sórí ilẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tsunami. A ó máa pè é ní omíyalé òkun. Ẹ má ṣe rò ó bí ìgbì tí a máa ń rí létí òkun, tó máa ń dé tó sì máa ń padà. Òkun fúnra rẹ̀ ló ga sókè, tó wọ ìlú, tó sì ń wọlé síwájú sí i, tó gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 18,000. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Okawa tó wà ní ìlú Ishinomaki nìkan, ọmọ 74 ló bá omi lọ.

Aago mẹ́ta ọ̀sán kù díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mì, èyí ló sì fa ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì wà ní ilé-ìwé, ní ibi púpọ̀ àwọn olùkọ́ sì tètè kó wọn gun òkè. Àwọn òbí ni omi ká mọ́lé, tàbí níbi iṣẹ́, tàbí lójú ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń sáré lọ mú ọmọ wọn. Nígbà tí ìjọba ka iye wọn, ọmọ 241 ni kò ní bàbá, kò ní ìyá mọ́, nǹkan bí 1,500 sì pàdánù ọ̀kan nínú òbí wọn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú ni kó mọ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè jọ ohun kékeré létí yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú kì í jáde wá kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ á ti mú un lọ sí ìlú mìíràn, yóò ti pààrọ̀ ilé-ìwé, àwọn tó gbà á sílé á sì máa rò pé ìtìjú ni kí àwọn tọrọ nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é ní Kobe. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Ashinaga. Ọkùnrin tó dá a sílẹ̀, Yoshiomi Tamai, ọkọ̀ ló kọlu ìyá rẹ̀ tó fi kú, kí ọdún 1970 tó dé ni ó sì ti ń wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tí ọkọ̀ pa òbí wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kobe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹgbẹ́ yìí ti ràn lọ́wọ́, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ òrukàn, mú orúkọ àwọn òkú tí ìwé ìròyìn tẹ̀ jáde dání. Wọ́n rìn láti òpópónà dé òpópónà, wọ́n ń wọ ibi tí àwọn tí ilé wọn wó sá sí, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò pé, “Ẹni yìí tó kú, ǹjẹ́ ó fi ọmọ sílẹ̀? Níbo ni ọmọ náà wà?” Ọmọ 573 ni wọ́n rí. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè rọ́pò irú ìrìn bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó kàn fẹ́ ya fọ́tò.

Tí a bá ti rí ọmọ, ọ̀rọ̀ tó kàn ni ibi tí yóò máa gbé. Ibí yìí ni àánú ti máa ń ṣìnà jù lọ. Ẹni tó wà lókèèrè, tó rí ọmọ tó ń sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n, ohun tó máa ń sọ sí i lọ́kàn ni pé kí wọ́n kọ́ ilé ọmọ òrukàn, tàbí kí wọ́n kó ọmọ náà kúrò níbẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì ní Háítì ní oṣù kìíní ọdún 2010, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́wàá kó ọmọ 33 sínú ọkọ̀, wọ́n fẹ́ gbé wọn sọdá sí orílẹ̀-èdè Dominican Republic láìgba ìwé àṣẹ. Ọlọ́pàá dá wọn dúró. Nígbà tí wọ́n wádìí, àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọmọ òrukàn yìí, ọ̀pọ̀ wọn ló ní òbí láàyè.

Nítorí náà, ìlànà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ni pé kí a wá ẹbí ọmọ kí a tó wá ohunkóhun mìíràn. Nígbà tí omíyalé òkun pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Aceh, ní Indonéṣíà, ní oṣù kejìlá ọdún 2004, ìjọba ibẹ̀ kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ọmọ Aceh kúrò ní agbègbè náà. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìjì Katrina ọdún 2005, ọmọ 5,192 ni wọ́n ròyìn pé ó sọnù tàbí tó pínyà pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Àjọ kan tó ń wá ọmọ tó sọnù tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹta ọdún 2006 ni wọ́n tó parí ti ọmọ tó kẹ́yìn, ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan tí wọ́n dá padà fún ìyá rẹ̀. Ká ní wọ́n ti fà á fún ẹlòmíràn ní oṣù àkọ́kọ́ ńkọ́?

Ní Tohoku, àwọn ẹbí ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ 241 náà: ìyá àgbà, bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí. Àwa Yorùbá kò ní rí ohun ìyanu nínú èyí. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, tí omi gbé ilé tirẹ̀ náà lọ, kò lè fi ìfẹ́ nìkan bọ́ ọmọ méjì. Ìjọba Jàpáánì máa ń fún alágbàtọ́, ìyẹn ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, ní owó oṣooṣù. Àmọ́ tí alágbàtọ́ bá jẹ́ ẹbí ọmọ, owó oúnjẹ àti aṣọ ọmọ ló máa ń rí gbà, kò sí owó fún wàhálà tirẹ̀. Nínú ọdún 2011 yẹn kan náà, wọ́n tún ìlànà náà ṣe, kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí ọmọ lè máa gba owó kíkún bíi ti alágbàtọ́ tó kù. Ó dára gan-an. Ó sì kọ́ wa pé kò sí bí ẹgbẹ́ aláàánú ṣe lè gba iṣẹ́ ìjọba ṣe. Ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ aláàánú lè ṣe, tí ìjọba kì í sáábà lè ṣe, ni kó yára. Ashinaga pinnu pé òun á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó pàdánù òbí ní Tohoku ní mílíọ̀nù 2 yẹ́ẹ̀nì, ìyẹn owó Jàpáánì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti orí ọmọ ọwọ́ títí dé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, láìní dá a padà. Àwọn ọmọ tó gbà á lé ní 2,000. Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò ra bàtà àti ìwé fún wọn. Ìdí ni pé ẹbí tó ń tọ́ ọmọ ló mọ ohun tó wọ́n wọn. Ẹnìkan nílò owó ọkọ̀ ilé-ìwé, ẹlòmíràn nílò owó ilé, ẹlòmíràn fẹ́ fi owó pamọ́ títí ọmọ yóò fi wọ yunifásítì. Aṣọ tí kò bá ọmọ mu, tí a kó wá láti ọ̀nà jíjìn, á wulẹ̀ gba àyè ni.

Owó ní ewu tirẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n má fi pamọ́. Òfin Jàpáánì fún ẹbí ẹni tí àjálù pa ní owó ìtùnú, mílíọ̀nù 5 yẹ́ẹ̀nì tó bá jẹ́ pé olùgbọ́bùkátà ilé ni, mílíọ̀nù 2 àti ààbọ̀ tó bá jẹ́ ẹlòmíràn. Tí ẹ bá fi ọrẹ àwọn ẹgbẹ́ kún un, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè ní owó rẹpẹtẹ ní báǹkì. Ta ló ń ṣọ́ ọ? Ilé-ẹjọ́ ló máa ń yan alábòójútó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, alábòójútó náà sì gbọ́dọ̀ máa jíhìn. Síbẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ ní Jàpáánì pé alábòójútó tó jẹ́ ẹbí ọmọ ná owó ọmọ, tí ọ̀rọ̀ sì di ẹ̀wọ̀n. Ẹgbẹ́ tó bá fún ọmọ lówó, tí kò padà wá wo bí wọ́n ṣe ń ná an, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé orí ọkàn ọmọ. Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, nítorí òun ni ó pẹ́ jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú fò.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1995, Ashinaga kó àwọn ọmọ Kobe jọ fún ìpàdé ìsinmi. Wọ́n ní kí wọ́n ya àwòrán. Ọmọkùnrin kan ya òṣùmàrè, ó sì fi dúdú kùn ún. Ilé ló wó pa lára àwọn ará ilé rẹ̀. Àwòrán yẹn ló jẹ́ kí àwọn àgbà rí i pé owó ilé-ìwé nìkan kò lè dé ibi tó ń dun ọmọ náà. Wọ́n kó owó jọ, nígbà tó sì di ọdún 1999, wọ́n ṣí ilé kan ní Kobe tí wọ́n sọ ní Ilé Òṣùmàrè. Lẹ́yìn omíyalé òkun ọdún 2011, wọ́n tún kọ́ mẹ́ta sí Tohoku: ní Sendai, ní Ishinomaki àti ní Rikuzentakata. Ọdún 2014 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí. Ẹ wo àlàfo ọdún náà dáadáa. Nígbà tí àwọn oníròyìn ti kó ẹrù wọn lọ tipẹ́ ni wọ́n tó ń ṣí ilẹ̀kùn.

Ọmọ kì í gbé inú Ilé Òṣùmàrè. Ó máa ń wá ni, yóò sì padà sílé lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Ilé kan tó wà ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Dougy Center, tó ti wà láti ọdún 1982, ni wọ́n ti kọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ jókòó yípo. Ẹni tó bá fẹ́ á sọ orúkọ rẹ̀ àti ẹni tirẹ̀ tó kú. Ẹni tí kò bá fẹ́, á ní kó kọjá òun, ẹnikẹ́ni kò sì ní fipá mú un. Lẹ́yìn náà ni kálukú á lọ síbi tó wù ú. Yàrá kan wà fún eré, òmíràn wà fún ọ̀rọ̀. Òmíràn sì wà tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, tí wọ́n so àpò ńlá rọ̀ sí i, kí ọmọ tí inú ń bí lè gbá a, kó ta á nípàá, kó pariwo. Wọ́n fi orúkọ òkè tó máa ń yọ iná pè é.

Àgbà kan máa ń wà nítòsí ọmọ. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni, tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́. Kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tirẹ̀ le láti ṣe ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí kò gbọdọ̀ gbani nímọ̀ràn. Kò ní sọ pé “Mọ́kàn le,” kò ní sọ pé “Ìyá rẹ ń wò ọ́ láti ọ̀run.” Bí ọmọ bá ní, “Èmi ni mo fa ikú bàbá mi, torí èmi ni ó ń bọ̀ wá mú,” àgbà náà á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun. Àwa tí a máa ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ pé kó má sunkún mọ́, ó yẹ ká ronú lórí èyí.

Ohun kan tún dẹ́rù ba àwọn olùkọ́ ní Tohoku. Àwọn ọmọ kéékèèké ń fi àjálù náà ṣeré. Ọ̀kan á kígbe pé omi ń bọ̀, àwọn yòókù á sáré gun orí tábìlì. Àwọn àgbà fẹ́ dá wọn lẹ́kun, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú eré, ọmọ lè sá, kó sì yè. Ó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́, kó sì dá a dúró nígbà tó bá fẹ́. Ohun tí àgbà máa ṣe ni kó wà nítòsí, kó sì rí i pé eré náà kì í parí síbi tí gbogbo ènìyàn ti kú.

Ọ̀fọ̀ ọmọ kì í lọ sílẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ, bíi ti àgbà. Ó máa ń bá a dàgbà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ̀ pé ikú kò ní àbọ̀. Tó bá di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó mọ̀, yóò sì tún ṣọ̀fọ̀ lákọ̀tun. Tó bá di ẹni ọdún 15, yóò fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ìyá rẹ̀ jẹ́, ohùn rẹ̀, oúnjẹ tó fẹ́ràn, kò sì ní rántí ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí ìrànlọ́wọ́ ọdún kan tàbí méjì kò fi lè tó.

Àwọn ọmọ tí òbí wọn kò kú náà wà nínú ìṣòro, ó sì rọrùn láti gbàgbé wọn. Ní Tohoku, orí pápá ìṣeré àwọn ilé-ìwé ni wọ́n kọ́ ilé onígbà-díẹ̀ sí fún àwọn tí kò nílé mọ́. Ẹbí á há mọ́ yàrá kékeré méjì, ọmọ kò sì ní rí ibi kàwé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí ibi sáré. Ní ìlú Onagawa, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Katariba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní oṣù keje ọdún 2011, níbi tí ọmọ lè wá jókòó kàwé lẹ́yìn ilé-ìwé. Ní ìpínlẹ̀ Fukushima, níbi tí omíyalé òkun náà ti ba ilé iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́míìkì jẹ́, ẹ̀rù ìtànṣán olóró kò jẹ́ kí àwọn òbí fi ọmọ sílẹ̀ síta. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, wọ́n ṣí ibi ìṣeré ńlá abẹ́ òrùlé kan ní ìlú Koriyama, tí iyanrìn àti ibi ìsáré wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò bí iṣẹ́ yìí ṣe gùn tó. Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù kejì ọdún 2011, oṣù kan ṣáájú àjálù, bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Oṣù kẹta ọdún 2029 ni yóò parí ilé-ìwé girama. Tó bá wọ yunifásítì lọ́dún yẹn, oṣù kẹta ọdún 2033 ni yóò jáde. Ọdún 22 nìyẹn. Owó tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló fẹ́ gbé e dé ibẹ̀, àfi bí ẹgbẹ́ bá wá ọgbọ́n mìíràn dá.

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù ni ti Tadao Ando, ayàwòrán ilé tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Lọ́dún 2011, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Tohoku. Wọn kò béèrè owó ńlá lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é máa dá 10,000 yẹ́ẹ̀nì lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́nà yìí, owó náà ń bọ̀ nígbà tí ọmọ ń dàgbà, ẹni tó ń dá a kò sì lè gbàgbé. Ashinaga ní tirẹ̀ ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ojú pópó àti ibùdókọ̀ ojú irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà ìrúwé àti nígbà ìwọ́wé, pẹ̀lú àpótí ọrẹ lọ́wọ́. Láti ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ tó gba owó ẹ̀kọ́ lónìí ló ń dúró nídìí àpótí fún ọmọ mìíràn lọ́la, nínú àwọn tó sì lọ bá àwọn ọmọ Tohoku ṣeré lẹ́yìn omíyalé òkun, àwọn ọmọ Kobe tó ti dàgbà wà níbẹ̀. Ọwọ́ ẹgbẹ́ yìí ti dé ilẹ̀ Áfíríkà wa náà: láti ọdún 2003 ló ti ní Ilé Òṣùmàrè kan ní Ùgáńdà, fún àwọn ọmọ tí àrùn éèdì pa òbí wọn, láti ọdún 2014 ló sì ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí òbí wọn ti kú lọ sí yunifásítì lókè òkun.

Bí ẹ bá fẹ́ fi owó yín ran ọmọ tí àjálù ṣe lọ́wọ́, ibi yòówù kó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà pé ọ̀dọ̀ ta ni àwọn ọmọ ń gbé. Tí wọ́n bá ní ilé ọmọ òrukàn ni, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti wá ẹbí wọn, àti ẹni tó wá wọn. Ẹ béèrè pé ọdún wo ni iṣẹ́ náà máa parí, kí ẹ sì fi ọjọ́ orí ọmọ tó kéré jù wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, dípò kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ lónìí, ẹ lọ sí báǹkì yín, kí ẹ ní kí wọ́n máa yọ díẹ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún, ní oṣù tí wọ́n máa ń san owó ilé-ìwé.